Nígbà tí Ìfọ́n àti Ìlobùú Jọ ń Pàgọ́

Ọdún 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbà mí sínú ẹgbẹ́ Sìkáòtù ní Ìfọ́n. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Kò sówó tí wọ́n máa fi ra káàkí tuntun fún mi, nítorí náà ìyá mi mú ṣòkòtò àlòkù kan lọ fún télọ̀, ó ní kó gé e dé orúnkún mi, kó sì fi èyí tó kù lẹ àpò mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí mo na ìka mẹ́ta sókè níwájú àsíá, tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá sin Ọlọ́run àti ilẹ̀ mi, pé màá máa ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ nígbà gbogbo, pé màá pa òfin Sìkáòtù mọ́, ó dà bíi pé wọ́n fi mí joyè ni. Bàbá mi, tí kì í yin ọmọ lójú, ní kí n dúró kí òun tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ́ fún wa, kí àwọn tí a bí lẹ́yìn wa lè mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ìlú méjèèjì. Ìlú méjèèjì ni mo ń wí o, Ìfọ́n àti Ìlobùú. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Òṣogbo tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kì í ṣe ọmọ agbègbè wa, kò ní mọ ibi tí Ìlobùú parí sí tí Ìfọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ti so kọ́ra. Ìfọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrólù, Ìlobùú ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn, ṣùgbọ́n ọjà kan náà là ń ná, a ń fẹ́ ọmọ ara wa, a sì ń sin òkú ara wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í ka ẹsẹ̀ rírìn láti ìlú kan sí èkejì sí ìrìn àjò.

Tíṣà kan ló kó wa jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn tó lọ kírun Jímọ́ọ̀ bá ti dé, á fọn fèrè ní pápá ilé ìwé, á sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí a ó fi tò tán. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún un lórí iṣẹ́ yìí. Òun ló kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń so okùn: ọ̀tún lé òsì, òsì lé ọ̀tún, kí kókó náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má sì já. Ó ní ẹni tó bá so ó ní ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejì, òkè ẹrù á tú lójú ọ̀nà. Títí dòní, tí mo bá rí ọlọ́kadà tó ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Òun náà ló sọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí fún wa. Ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Baden-Powell, ló kó ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907, ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù pa pọ̀, láti wò ó bóyá wọ́n lè gbé papọ̀ nínú àgọ́ kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ lára igbó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìwé rẹ̀, Scouting for Boys, jáde. Ní 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Girl Guides, ní 1919. Lẹ́yìn òmìnira, ní 1961, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ Sìkáòtù àgbáyé lórúkọ ara rẹ̀. Tíṣà wa máa ń sọ ọdún 1961 yìí tayọ̀tayọ̀. Ó ní ṣáájú ìgbà náà, ọmọ ọ̀dọ̀ la jẹ́ nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, a di onílé.

Kò fi pamọ́ fún wa pé sójà amúnisìn ni Baden-Powell. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun tó lọ sí ilẹ̀ Àṣáńtì ní 1895 sí 1896, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ọba Prempeh tí wọ́n sì lé e jáde nílùú. Mo ti ronú lórí ìyẹn gan-an láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ohun tí mo rí sí i ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọkùnrin náà gbé lọ sílé, ọwọ́ wa àti ọwọ́ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló ti kọ́ ọ, tí a tún wá ń gbà á padà gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n òyìnbó. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ló kú sí, ní Nyeri ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní 1941.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn àgbà. Ọwọ́ òsì ni Sìkáòtù fi ń bọ Sìkáòtù lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ti fẹ́ jẹ ìgbájú. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní àdúgbò wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan láti Ìlobùú pàdé lẹ́nu ọ̀nà, àwa méjèèjì wọ káàkí, a sì na ọwọ́ òsì síra wa. Baálé ilé náà pariwo, ó ní ta ló kọ́ wa ní ìwàkíwà yìí lójúmọmọ, láàárín àwùjọ. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ tíṣà. Kò jiyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ó sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹ́: pé láti ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun Àṣáńtì ni àṣà náà ti wá, pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di apata mú, ẹni tó bá sì sọ apata rẹ̀ kalẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gbà pé o kò ní ṣe òun níbi ni. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi í mọ sí àárín ara wọn. Tí wọ́n bá rí àgbà, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin méjèèjì ni a ń tẹ̀ lé, kò sì sí èyí tó dí èkejì lọ́wọ́.

Bàbá bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà, ọdẹ ni. Òun kọ̀ láti gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìwé kọ́ ọmọ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ igbó. Mo mú ìwé mi wá, mo fi àwọn àmì tí Sìkáòtù máa ń fi sójú ọ̀nà hàn án: igi méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn, tó túmọ̀ sí pé kí o má gba ibí, òkúta kékeré lórí òkúta ńlá, tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà nìyí. Ó wò ó. Ó dìde, ó já ewé lára igi, ó ká a sí méjì, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà ti ya lẹ́yìnkùlé wa, ó ní, “Tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi bá rí èyí, ó mọ̀ pé mi ò gba apá ibẹ̀. Ta ló kọ́ mi?” Nígbà tí mo sọ ọ́ fún tíṣà, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Ó wá bẹ bàbá náà pé kó wá kọ́ wa. Bó ṣe di pé bàbá mi àgbà ń dúró níwájú wa ní pápá ilé ìwé nìyẹn, òun tí kò ka ìwé kankan, tó ń kọ́ wa bí koríko ṣe máa ń tẹ̀ sí ìhà tí ẹran gbà, bí wọ́n ṣe ń fi ìka tó tutù mọ apá tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ìdí tí ẹni tó ń lọ síbi tí ẹran wà kì í fi í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn òun. Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára tó ti ọjọ́ wọ̀nyẹn. Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó bá ti òkèèrè wá lè di tiwa tí a bá jẹ́ kí àwọn àgbà wa fọwọ́ kàn án.

Àgọ́ ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ẹgbẹ́ tiwa àti ti Ìlobùú máa ń jọ pàgọ́ ní ibi tí kò jìnnà sí odò Ẹ̀rinlẹ̀. Àwọn tíṣà méjèèjì ti fẹnu kò lórí ohun kan tí mi ò mọ iyì rẹ̀ nígbà náà: wọn kì í jẹ́ kí ọmọ Ìfọ́n dá wà ní ikọ̀ kan, kí ọmọ Ìlobùú dá wà ní òmíràn. Tí a bá ti dé, wọ́n á ní kí a tò ní gígùn, wọ́n á wá máa kà wá: Ẹkùn, Àṣá, Ìgalà, Kìnnìún, Ẹkùn, Àṣá, Ìgalà, Kìnnìún. Ikọ̀ tí ẹnu wọn bá ti kàn ẹ́ sí lo máa bá jẹ, tí o máa bá sùn, tí o máa bá pọn omi. Àṣá ni mo bọ́ sí, èmi àti ọmọ Ìlobùú mẹ́rin, pẹ̀lú ọmọ ilé wa kan. Nínú wa, ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí wà, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọmọ àwọn tó ń bọ Ẹ̀rinlẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ilé Òrìṣàálá náà sì wà. Ohun tí wọn kì í jẹ nílé ẹnì kan, kò sẹ́ni tó máa fi lọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìkòkò kan náà la jọ ń sè. Àsáró tó jóná nídìí, a jọ jẹ ẹ́ náà ni.

Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Ìlobùú kan nínú ikọ̀ wa fi àdá bu ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tó ti ń gé igi ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Tíṣà méjèèjì ti lọ sí ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú àwọn yòókù. Olórí ikọ̀ wa kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí àpò ìrẹsì, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ká a nípọn, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì ní kí ọ̀kan nínú wa máa tẹ̀ ẹ́, kó má ṣí i wò. Ẹnì kan ti ń bu iyẹ̀pẹ̀ bọ̀; ó lé e padà. Ó wá ní kí n bọ́ ẹ̀wù mi, òun náà bọ́ tirẹ̀. A yí apá ẹ̀wù méjèèjì sínú, a de gbogbo bọ́tìnnì wọn, a ti ọ̀pá gígùn kan gba inú apá ọ̀tún ẹ̀wù méjèèjì, a ti òmíràn gba inú apá òsì. Ó di ibùsùn. Àwa mẹ́rin gbé e, ọmọ kan ń fọn fèrè níwájú, a sì gbé e dé dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì tó ran ojú ọgbẹ́ náà bi wá pé àgbàlagbà wo ló ṣètò yìí. Kò gbà wá gbọ́.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé eré ọmọdé ni Sìkáòtù. Nínú ìwé tí wọ́n ń fi kọ́ wa, kò sí ọgbọ́n tó ṣòro. Ohun tó ṣòro ni pé kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ̀ pé òun ló kàn, kí àwọn tó kù sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu láìbéèrè ìlú tó ti wá. Olórí ikọ̀ náà, ọmọ Ìfọ́n ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọmọ Ìlobùú. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn. Ní 1969, tí ìjà owó orí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà gbóná, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí wọ́n ti pa Ṣọ̀ún, ọba ìlú náà, káàkí di ohun tí ojú ń sá fún. Ẹni tó wọ káàkí lè jẹ́ akódà, ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ agbowó orí. A kò pàgọ́ lọ́dún náà. Tíṣà ní kí a máa ká aṣọ wa sínú àpò ìwé, kí a má wọ̀ ọ́ títí a ó fi dé pápá. Àwọn ìyá wa tilẹ̀ ní kí a má lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé ọjọ́ Ẹtì kò dá dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 dé, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Mo ti di ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, mo ti wà lára àwọn àgbà Sìkáòtù. Wọ́n pín wa sí etí títì Òṣogbo, ẹni méjì-méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ pọ̀ jù, torí àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà ti mọ́ra láti máa wo apá ibi tí ọkọ̀ ti ń yọ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì ti ń yọ lápá kejì báyìí. Ọwọ́ la fi ń dì wọ́n mú. A dúró síbẹ̀ títí ojú gbogbo èèyàn fi mọ́ ọ̀nà tuntun náà. Wọ́n fi ọsàn àti ẹ̀kọ sanwó fún wa.

Báwo ni ẹgbẹ́ náà ṣe wá lọ? Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Èmi náà di tíṣà, mo sì gba fèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi, nítorí náà ìṣojú mi ló ṣe ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba àwọn ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1976, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Àwa ní ìwọ̀ oòrùn ti ní i láti 1955 lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ti ilé ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ohun rere ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu mi sọ pé kò dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá máa ta ẹ̀pà kiri ló ka ìwé. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún dẹ́nu. Tíṣà tó ń gbé ìlú kan láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tó mọ bàbá ọmọ, tó mọ ìyá rẹ̀, wọ́n wá ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Ẹgbẹ́ Sìkáòtù kì í ṣe ti ilé ìwé, ti ẹnì kan ni. Tí ẹni yẹn bá ti ṣípò, fèrè ò dún mọ́.

Owó oṣù wá ń pẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SÁÀPÙ dé ní 1986, tí náírà sì já wálẹ̀, káàkí tí ọ̀pọ̀ òbí ń rà láìwojú ẹnikẹ́ni di ohun tí wọ́n ń ronú lé lórí. Mo rántí ìyá kan tó wá sọ fún mi pé ọmọ òun kò ní wá mọ́, pé aṣọ ilé ìwé ni òun lè rà, òun ò lè ra méjì. Mo ní kó jẹ́ kó wá nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ọmọ náà wá lẹ́ẹ̀kan, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣì máa ń dùn mí, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ wọn kò nílò aṣọ kankan.

Ẹgbẹ́ míì pọ̀ tó gba iṣẹ́ wa lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Man O' War wà, Sífú Dìfẹ́ǹsì wà. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, láàárín 2010 sí 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé eré ìdárayá alájùmọ̀ṣe lárugẹ nílé ìwé, àwọn ọmọ á tò lọ súà ní pápá, wọ́n á máa fi ara ṣe àràbarà. Ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n ìjọba ló gbé e dé, ìjọba náà ló sì ń gbé e ró nígbà náà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Bọ́ìsì Brígéèdì àti Royal Ambassadors, àwọn mọ́ṣáláṣí ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Àmọ́ ọmọ Mùsùlùmí kò ní lọ sí Royal Ambassadors, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kò sì ní lọ sí ti mọ́ṣáláṣí. Sìkáòtù nìkan ni mo mọ̀ tí gbogbo wọn ń jẹ́jẹ̀ẹ́ kan náà sí Ọlọ́run, tí oníkálùkù sì mọ bó ṣe ń pè É.

Èyí tó burú jù lọ, àwa fúnra wa la fà á. Nígbà tí kò sí àgọ́ mọ́, tí kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní kókó okùn, àwọn kan ṣì ń wọ káàkí. Àgbàlagbà ń gbé ipò bí ọ̀gá sójà, wọ́n ń kó ọmọdé lọ síbi òkú olówó àti ìpàdé òṣèlú láti lọ máa darí ọkọ̀, wọ́n ń tò wọ́n ní ìlà méjì kí ẹni ńlá lè gba àárín wọn kọjá. Wọ́n á fún wọn ní ìrẹsì nínú ike, ó parí. Aṣọ ṣẹ́kù, iṣẹ́ ti lọ. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn nígbà kan pé kó fi okùn so kókó kan fún mi. Ó ní àwọn kì í ṣe ìyẹn mọ́.

Ìyípadà náà kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti wà láti 1910, àṣírí tú pé àwọn àgbàlagbà kan ti ń fi ìṣekúṣe ba ọmọdé jẹ́ lábẹ́ orúkọ Sìkáòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2020, ẹgbẹ́ náà lọ sí kóòtù pé àwọn ti wọ gbèsè, àwọn tó sì jáde láti sọ pé wọ́n bá àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ lé ní 82,000. Ẹ rò ó wò. Wọ́n ti gba ọmọbìnrin wọlé, wọ́n sì yí orúkọ padà sí Scouting America ní oṣù kejì ọdún 2025. Inú bí àwọn àgbà kan níbẹ̀ nítorí orúkọ. Ní tèmi, orúkọ kò tó nǹkan. Ohun tó yẹ kí inú gbogbo àgbà bí sí ni ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ wa tí a kò ṣọ́. Ẹgbẹ́ àgbáyé ti wá gbé ìlànà kalẹ̀ láti dáàbò bo ọmọdé, lára rẹ̀ ni pé àgbàlagbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ. Nígbà tiwa, tíṣà kan ṣoṣo lè kó wa lọ sígbó, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Orí ló kó wa yọ, torí ẹni rere ni. Kò yẹ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa fi orí ṣe ààbò.

Òbí òde òní náà sì ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà, wọ́n wà nínú oko. Ta ni yóò ní kí ọmọ òun lọ sun ẹ̀bá odò? Lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ ní lẹ́sìn, ó ní ìdánwò JAMB níwájú, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi gbogbo ayé hàn án. Mi ò bá fóònù jà. Ọmọ ọmọ mi kan fi kọ́ kókó okùn kan tí èmi gan-an ti gbàgbé. Ohun tí fóònù kò lè ṣe fún un ni pé kó fi òun àti ọmọ Ìlobùú mẹ́rin sí ìdí ìkòkò kan.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọ̀ràn ilẹ̀ tó ti wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú láti ọjọ́ pípẹ́ gbiná. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn ìyá di ẹrù sá lọ sí Òṣogbo. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n sì kó sójà wá. Mi ò ní sọ níhìn-ín ẹni tó ni ilẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba àti kóòtù nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ẹnu àgbà jáde nírú àkókò yìí lè di igi ìdáná. Ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Nígbà tí a wà nílé ní àwọn ọjọ́ náà, àwa arúgbó tí a jọ wà ní Ẹkùn, Àṣá, Ìgalà àti Kìnnìún ń pe ara wa lórí fóònù, láti ìlú kan sí èkejì. Ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀, a mọ̀. Ẹni tí oògùn rẹ̀ tán, a wá bí oògùn ṣe máa gba ọwọ́ sójà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú ilé mi, ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, dúró tì mí, ó ń gbọ́. Ó ní, “Bàbá, ta lẹ tún ń bá sọ̀rọ̀ ní Ìlobùú?” Mo bi í pé ìwọ náà, ta lo mọ̀ níbẹ̀? Ó ronú. Kò mọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ìlú méjèèjì kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé Sìkáòtù ì bá dá ìjà náà dúró. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí mi, aṣọ ọrùn kò sì lè pààlà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún èèyàn láti ju iná sórí ilé ẹni tó bá a tẹ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé nǹkan ìjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, orúkọ ìlú ni wọ́n ń bá jà, torí wọn kò mọ orúkọ èèyàn níbẹ̀. A kò fún wọn láyè láti mọ̀ ọ́n. Àwa àgbà ló jẹ gbèsè yìí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Kí ilé ìwé kan ní Òrólù àti ilé ìwé kan ní Ìrẹ́pọ̀dùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọkùnrin àti obìnrin. Ogún náà ni Baden-Powell fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má pàgọ́ sígbó ní báyìí. Kí wọ́n máa pàdé lójú ọ̀sán, ní Òṣogbo tí ìkankan nínú wọn kò lè pè ní ilẹ̀ òun, títí ọkàn àwọn òbí yóò fi balẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè káàkí. Aṣọ ọrùn tó. Kí àgbàlagbà méjì má kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà kankan, ọ̀kan láti Ìfọ́n, ọ̀kan láti Ìlobùú. Kí wọ́n pe ọdẹ tó ṣẹ́kù wá kọ́ wọn, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tò ní gígùn, kí wọ́n kà wọ́n: Ẹkùn, Àṣá, Ìgalà, Kìnnìún. Mo bẹ Olúfọ́n, ọba Ìfọ́n, mo bẹ Olóbùú, ọba Ìlobùú, kí wọ́n fi ọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú méjèèjì, tí ẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín tí wọ́n ní kí ọmọ yín wá, ẹ béèrè orúkọ àgbàlagbà méjì tó máa wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ.